Ìkẹ́dùn lórí Bándélé Túbọ̀sún, ẹni tó jáde kẹ́yìn nínú ọkọ̀ ogun

Ẹgbẹ́ Àwọn Tó Ti Ogun Dé,
Abẹ́òkúta.
10 Oṣù Kẹta, 1949.

Sí Ìyáàfin Lydia Túbọ̀sún àti gbogbo ẹbí, Òṣíẹ̀lẹ̀.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ ọkàn, àti ìbínú tí a kò lè fi pa mọ́, ni a fi ń kọ ìwé yìí lórí ikú ọkọ yín, Ọ̀gbẹ́ni Bándélé Túbọ̀sún. Ẹ kú àráfẹ́rakù.

Nínú ẹgbẹ́ wa, òun ni í kọ́kọ́ dé ìpàdé, òun náà ni ó sì máa ń ti fèrèsé nígbà tí gbogbo wa bá ti lọ. Ọdún mẹ́ta ni ó fi koná sí ẹ̀rọ ọkọ̀ ogun Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1942, ọkọ̀ náà bàjẹ́ lójú òkun, ọ̀tá sì ń bọ̀ lókèèrè. Ọ̀gá wọn pàṣẹ pé kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rì í, kí ó má bàa di ti ọ̀tá. Wọ́n rì í, wọ́n sì fi ọkọ̀ kékeré wá èbúté.

Ogun parí tán, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn atukọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó sá lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé mọ́kànlá ni a kọ pé kí wọ́n pa á rẹ́. Wọ́n ní kí a fi ìwé orúkọ inú ọkọ̀ ránṣẹ́. Ìwé tó wà nísàlẹ̀ òkun! Wọ́n tún béèrè ẹni tó yọ̀ǹda fún un láti kúrò nínú ọkọ̀. Ṣé kí ó bá a rì ni? Àwọn aláwàdà Owódé gbọ́, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ: "Asáfómi, o kú ìsinmi o!"

Kí a má purọ́, olóògbé pàápàá dá wa lágara. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni èmi akọ̀wé wá béèrè ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà. Èsì kan náà ni: "Akọ̀wé, ọ̀gá wa ní kí a má sọ ọ́ títí òun yóò fi ní kí a sọ." Ọ̀gá náà sì ti kú nínú ọkọ̀ kékeré! Ta ni yóò wá tú u sílẹ̀?

Lọ́jọ́ ìsìnkú ni ẹ tó sọ fún wa pé, nígbà tí ikú kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sọ ọ́ fún yín. Òun ló ṣí ihò tí omi gbà wọlé. Òun ló ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀rọ, kí ẹnikẹ́ni má lè padà lọ dí ihò náà. Òun ló jáde kẹ́yìn. Ó ní òun ń lọ bá ọ̀gá òun, òun yóò tọrọ àforíjì níbẹ̀. Ẹ wá fi kọ́kọ́rọ́ idẹ ilẹ̀kùn náà lé wa lọ́wọ́, tí orúkọ ọkọ̀ wà lára rẹ̀. Ara ògiri pálọ̀ yín ni ó wà ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, abẹ́ rẹ̀ gan-an ni mo sì jókòó sí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta!

A kò ní fi kọ́kọ́rọ́ náà ránṣẹ́ nípa póòsì. A ti mọ ọwọ́ wọn. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, èmi àti Alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Sàlàhúdíìnì, yóò wọ ọkọ̀ ojú irin ní Láfẹ́nwá lọ sí ọ́fíìsì náà ní Èkó. A ó gbé e sórí tábìlì wọn, a kò sì ní dìde títí wọn yóò fi pa ọ̀rọ̀ burúkú yẹn rẹ́. Lẹ́yìn náà, a ó dá a padà sórí ìṣó rẹ̀.

Kí Ọlọ́run, tí kì í béèrè ìwé kí Ó tó dá ènìyàn mọ̀, tu ẹ̀yin àti àwọn ọmọ nínú. Kí Ó sì ṣí ilẹ̀kùn ìsinmi fún ọkùnrin tó ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó jáde.

Dìran Olújìmí,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.