Abúlé Oníkaṣú Ti Wà Lórí Máàpù

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ má bínú pé ó pẹ́ kí n tó kọ̀wé. Mò ń bínú sí yín ni, torí ẹ lọ sọ́run láì dágbére. Mo ṣì ń bínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn tí mo ní lónìí ò ṣeé mú mọ́ra: Abúlé Oníkaṣú wa ti wà lórí máàpù fóònù.

Ní Ṣakí, níbi tí mo ti ń lọ síléèwé, ló ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń tẹ fóònù jẹ́jẹ́ mi, mo bá kan abúlé kékeré kan ní ilẹ̀ Ìráànù, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Páṣíà. Ìdílé ibẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ lọ. Síbẹ̀ wọ́n kọ ibi tó wà àti iye ènìyàn inú ẹ̀ sórí máàpù, gbogbo ayé ń rí i. Inú bí mi. Kí ni wọ́n ní tí a ò ní?

Tí wọ́n bá bi yín pé níbo nilé yín, "ẹ̀gbẹ́ ìlú Ofiki" lẹ máa ń wí, torí kò sẹ́ni tó mọ Oníkaṣú. Èmi ò tiẹ̀ ní sọ ìyẹn. Ọmọ Ṣakí ni mo ń pe ara mi. Ọjọ́ tí ẹ fi kẹ̀kẹ́ gbé gàrí wá bá mi níléèwé, mo sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé ará àdúgbò wa kan ni yín. Ṣé ẹ gbọ́? Ẹ kàn ń fọwọ́ nu ìjókòó kẹ̀kẹ́ bí ẹ ti máa ń ṣe ni. Bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí.

Kí abúlé tó lè wọ máàpù, àwọn tó ń ṣe é ń fẹ́ iye ènìyàn àti ojú ibi tó wà. Mo wálé nígbà ọlidé, mo ní mo fẹ́ ka gbogbo wa. Ìyá àgbà, ìyá yín, dojú kọ mi.

"Ta ló rán ẹ? Ṣé ewúrẹ́ lọmọ aráyé tó o fẹ́ máa kà?"

Kò sẹ́ni tó jáde. Mo fajú ro fún ọjọ́ méjì, mi ò jẹun lójú wọn. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá àgbà gbé igbá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní kí olúkúlùkù wá ju ẹyọ àgbàdo kan sí i, kí ìyá bá ọmọ ọwọ́ ju tiẹ̀.

"Àgbàdo lo kà o. Èmi ò mọ nǹkan míì."

Bàbá Làtí, ọ̀rẹ́ yín, ní ṣé kóun ju ti ìyàwó tóun ń dẹnu kọ sí i. Ìyá àgbà ní kí obìnrin náà kọ́kọ́ gbà ná. Adìẹ ṣá ẹyọ kan, mo lé e títí, kò pọ̀ ọ́, mo fi òmíràn rọ́pò ẹ̀. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin ni wá, Bàbá mi.

Ó ku ojú ibi tó wà. Fóònù ní kí n dúró láàárín abúlé. Kálukú ń nawọ́ sí iwájú ilé ẹ̀. Mo bá lọ sídìí igi kaṣú, níbi bẹ́ńṣì tí ẹ ti ń bá gbogbo wọn lẹ táyà. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Ibẹ̀ ni mo tẹ̀.

Nígbà tó jáde lórí máàpù, mo fi han gbogbo kíláàsì. Ọ̀kan ní, ṣebí ọmọ Ṣakí ni mí. Mo ní irọ́ ni mo pa.

Lánàá tí mo wálé, ọlọ́kadà kan gbé oníṣòwò iṣu wá láti Ìgbòho, fóònù ló ń tọ̀. Iwájú bẹ́ńṣì yín gan-an ló ti tẹ bíréèkì.

"Ṣé Oníkaṣú nìyí?"

"Òun ni. Ìsọ̀ bàbá mi lẹ dúró sí yẹn."

Èmi ọmọ yín,
ọmọ Oníkaṣú.