Tẹ̀lé Àwọn Òpó Náà

Ilé Fákúnlé,
Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.
Oṣù kẹwàá, ọdún 1999.

Adéolúwa, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ rẹ tí n kò mọ̀ ju inú fọ́tò lọ. Mo lérò pé ara yín le, pé òtútù Amẹ́ríkà kò sì mú yín jù. Tèmi kò burú. Orúnkún ń dùn mí, ojú ọ̀tún ti ń ṣú, ṣùgbọ́n mò ń jẹun, mo sì ń sùn díẹ̀díẹ̀. Kíkẹ́lọmọ, ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ mi, ni ó ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti sọ fún un pé kí ó má fi oyin sí i. Bí ó bá ti jáde lẹ́nu mi ni kí ó kọ ọ́.

Lẹ́tà rẹ dé. Mo ní kí wọ́n kà á fún mi, mo tún ní kí wọ́n kà á. O ní ilé ìsinmi tí o kọ́ sí Abà Èṣùbíyì, lẹ́yìn Ìpetumodù, kò wúlò fún ọ mọ́. O ní ọ̀gá rẹ kò ní fún ọ láyè láti wá sinmi níbi tí iṣẹ́ kò ti lè rí ọ lórí kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́, pé bí kò bá sí íńtánẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n nílé náà kí Kérésì tó dé, o máa tà á. O ní, "Bàbá, ilé tí n kò lè lò, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Níbi tí o wà, bóyá ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Níbi tí èmi wà, ìyá rẹ wà nínú ọgbà ilé yẹn. Ẹni tó bá ra ilé náà ti ra òun náà mọ́ ọn. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé sí ọ nìyẹn, n kò ní òmíràn.

Lágúnjú, ajẹ́ńtì tí o rán, kò tilẹ̀ dúró de Kérésì. Mo bá a ní abà lọ́jọ́ tí mo lọ ro ọgbà. Ó ń fa tépù káàkiri, ó ń wọn ilẹ̀. Ó fà á kọjá lórí ìyá rẹ. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ènìyàn wà níbẹ̀ yẹn." Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣé ẹ mọ̀ pé sàréè inú ọgbà máa ń fa owó ilé wálẹ̀? Ẹ bá ọmọ yín sọ ọ́, kó jẹ́ ká gbé wọn lọ síbòmíràn." N kò lù ú. Ara ti di ara àgbà, apá kò ká irú rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n pátákó tó kàn mọ́ ara ògiri pé ilé wà fún títà, mo ti yọ ọ́, mo sì ti fi dáná iṣu. Iṣu náà jinná dáadáa.

O mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fipá mú ìyá rẹ lọ gbé ibẹ̀. Nígbà tí o wá ṣí ilé náà tí o sì padà, ńṣe ló di ẹrù rẹ̀ kúrò ní Ìlódè. Mo ní, "Àníkẹ́, kí lo fẹ́ lọ ṣe nílé tó ṣófo?" Ó ní bí òun kò bá máa tọ́jú rẹ̀, alángbá á sọ ọ́ di tiwọn, ọmọ òun á sì dé bá ìgbẹ́ alángbá lórí àga. Bí ọyẹ́ bá ti dé lọ́dọọdún, á gbé tìmùtìmù rẹ síta, á sá a sóòrùn, á ní o lè máa bọ̀. Ibẹ̀ ló kú sí, ibẹ̀ la sin ín sí. Ìwé ìgbélùú rẹ tí wọ́n ń tún ṣe kò tíì jáde nígbà náà, o kò lè wá. N kò bá ọ jà lórí ìyẹn. Mo ti pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ méjèèjì ṣáájú ìyá yín, n kò ní omijé tí mo fi ń ṣeré. Ṣùgbọ́n àwọn bíríkìlà wá bá mi pé kí àwọn fi sìmẹ́ǹtì bo sàréè náà, mo ní rárá. Ọmọ rẹ̀ kò tíì bu iyẹ̀pẹ̀ lé e. A kò tíì parí.

Mo wá gbéra láti wá íńtánẹ́ẹ̀tì. N kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kíkẹ́lọmọ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Mùhámmẹ́d, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà lápá Sábó. Mo jókòó, mo ní, "Mo fẹ́ ra íńtánẹ́ẹ̀tì sí ilé kan lábà. Èló ni?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Mùhámmẹ́d kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ní èyí tó dára jù ni ti àwo ńlá kan tí wọ́n ń gbé sórí òrùlé, tó máa ń kọjú sí ojú ọ̀run. Nígbà tó dárúkọ owó rẹ̀, mo bi í bóyá Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ń tà á. Ó ní, "Bàbá, ó jọ bẹ́ẹ̀." Ó ní èkejì ni kí kọ̀ǹpútà máa gba orí tẹlifóònù pe Èkó, nítorí Èkó ni íńtánẹ́ẹ̀tì wà, owó á sì máa lọ níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì gé ìpè náà. Mo ní ìyẹn náà á pa wá.

Ó rí bí ojú mi ti rí, ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ní, "Ẹ gbọ́, Bàbá. Ọ̀nà kan wà tí àwa tí kò lówó ń gbà. Kí ọmọ yín kọ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà láìtíì pe ẹnikẹ́ni. Bó bá kọ ọ́ tán, kí ó pe Èkó lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo rẹ̀ lọ pọ̀, kí ti ọ̀gá rẹ̀ náà wọlé, kí ó sì gé e. Ẹ ò ní tíì jẹ ẹ̀kọ kan tán tó fi máa parí." Lẹ́tà nìkan ni o, kì í ṣe àwòrán. Ṣé lẹ́tà nìkan á tó fún iṣẹ́ rẹ? Dá mi lóhùn lórí èyí. Owó ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń san fún mi á gbé e. Èmi ni n ó san án, ìwọ kò ní san kọ́bọ̀.

Ṣùgbọ́n tẹlifóònù kò dé abà. Ẹ̀bá títì ni wáyà ti parí. Mo lọ bá Ògúndèjì, ọ̀kan lára àwọn tó ń fa wáyà tẹlifóònù. Ó ní kò sí òpó lọ́wọ́ àwọn, pé abúlé tó bá gbẹ́ òpó tirẹ̀, tó sì rì í mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, òun ni àwọn ń kọ́kọ́ fa wáyà fún. Ó ní, "Igi tó gùn, tó tọ́, tí ikán kì í jẹ ni o. Níbo lẹ ti fẹ́ rí i, Bàbá?" Mo mọ ibi tó wà.

Ṣé o rántí àwọn igi tíìkì tó yí oko wa ká dé ọgbà ilé? Ìyá rẹ ló gbìn wọ́n lọ́dún tí o lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ní bí o bá dé láti wá kọ́lé, igi náà ni a ó fi kan òrùlé. Nígbà tí o kọ́lé lóòótọ́, pákó tí wọ́n rà ní Èkó ni kọngilá rẹ fi kàn án. Ìyá rẹ gbójú sókè wo òrùlé náà, ó ní, "Ó dára. Igi tèmi á rí iṣẹ́ mìíràn ṣe." Kò sọ ọ́ mọ́ láéláé. Lọ́jọ́ tí àwọn agẹgi dé, mo lọ sídìí sàréè rẹ̀, mo ní, "Àníkẹ́, iṣẹ́ náà ti dé." Mo wá ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. N kò sunkún lọ́jọ́ tí a sin ín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń gé igi náà, mo lọ wá ibì kan jókòó sí lẹ́yìn ilé.

Gbogbo abà ló bá mi gbẹ́ ihò. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní, "Bàbá Amẹ́ríkà, bí a bá gbé etí lé òpó yìí, ṣé a ó gbọ́ ohùn Adéolúwa?" Mo ní kí wọ́n máa gbẹ́lẹ̀. Òpó ti dúró báyìí láti ẹ̀bá títì, ó la oko kọjá, ó wọ ọgbà rẹ.

Wáyà ni kò dé. Ògúndèjì ní ó ti tán ní sítóò, pé bóyá lẹ́yìn ọdún tuntun. Mo lọ bá a, mo tún padà lọ. Ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, mo dọ̀bálẹ̀ fún un lójú gbogbo èrò ọ́fíìsì, ọmọ tí mo lè bí lọ́mọ. Ó fà mí dìde, ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣe èyí sí mi. Bó bá wà lọ́wọ́ mi ni, ẹ ò bá ti máa lò ó." Mo gbà á gbọ́. Kì í ṣe òun ló ni wáyà.

Mo ti ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe, ọmọ mi. Kérésì á dé kí wáyà tó dé, n kò ní irọ́ tí mo fẹ́ pa fún ọ. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí o má ta ilé yẹn láti òkè òkun. Wá. Bó bá jẹ́ ọjọ́ díẹ̀ ni ọ̀gá rẹ fún ọ, fi ọjọ́ díẹ̀ náà wá. Mo ti bá onímọ́tò kan sọ ọ́, á máa gbé ọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Mùhámmẹ́d láràárọ̀, kí ọ̀gá rẹ lè rí ọ níbẹ̀. Wá bu iyẹ̀pẹ̀ lé ìyá rẹ. Lẹ́yìn náà, bí o bá ṣì fẹ́ tà á, dúró níwájú mi, wò mí lójú, kí o tà á. N kò ní dí ọ lọ́wọ́.

Ìlú ti rọlẹ̀ lẹ́yìn ìjà àwa àti àwọn aládùúgbò wa, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù bà ọ́. Ọ̀nà tí mọ́tò rẹ gbà wọ abà nígbà tí o wá ṣí ilé ni àgbàrá ti gé, igbó sì ti bò ó. Bí o bá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá títì, má wulẹ̀ bi ẹnikẹ́ni. Tẹ̀lé àwọn òpó náà, láti ọ̀kan dé èkejì. Ìyá rẹ ló gbìn wọ́n. Ibi tí wọ́n parí sí ni ó wà.

Ọlọ́run á ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lójú òfúrufú àti lórí ilẹ̀. Iṣẹ́ rẹ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ìyàwó rẹ á pẹ́ fún ọ ju bí tèmi ti pẹ́ fún mi lọ. Ọlọ́run kò sì ní jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ jìnnà sí ọ bí o ti jìnnà sí mi.

Èmi ni bàbá rẹ, òbí kan tó kù fún ọ,
Fákúnlé.

Àfikún: Òpó dín ẹyọ kan. Igi kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, èyí tó dúró lókè orí ìyá rẹ. Agẹgi ti gbé ayùn débẹ̀, mo ní kí ó kúrò. Ògúndèjì wá wò ó, ó ní àwọn kì í fa wáyà sára igi ààyè, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wáyà bá dé, òun á so ó mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, òun kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí o bá ń tẹ̀lé àwọn òpó bọ̀, èyí tí o bá rí tó ní ewé lórí, ibẹ̀ ni kí o ti dúró.