Ẹ̀jẹ̀ Lára Agogo Ìhìnrere

Peckham, Sátidé

Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín ní pálọ̀. Kọ́mẹ́dì àwọn arúgbó ajíhìnrere tó ń pín oúnjẹ ló ń wò. Ó ní wọ́n fara jọ èmi àti àwọn ará ìjọ mi. Kò tíì rí sùtánà mi tí mo rẹ sómi.

Ní ìjọ wa, a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Níbi tí èmi àti Mummy Àdùkẹ́, ìyá àgbà kan nínú ìjọ, ti ń pín ìrẹsì ní òpópónà Rye Lane lónìí, ọkùnrin kan tí agogo wa ń bí nínú fi bàtà tẹ ẹsẹ̀ Mummy mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ bí egungun ṣe ṣẹ́.

Mo la agogo mọ́ ọn lórí, lẹ́ẹ̀mejì.

“Ajíhìnrere, ó tó! Ẹ bu ìrẹsì fún un!” Mummy ló ń pariwo nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Mo bù ú. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ìrẹsì bó ṣe ń jẹ ẹ́.

Mo ti kúnlẹ̀ gbàdúrà, àmọ́ ó ṣì ń wù mí kí n là á mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kẹta.