Bí Ìyá Rẹ Ṣe Ṣẹ́gun Búùtù Mọ́tò

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ṣé dáadáa ni o wà, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ò ń jẹun lásìkò, àbí búrẹ́dì lásán ni o ṣì fi ń tan ara rẹ jẹ? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa nílé ni yóò máa ṣọ́ ọ lọ́hùn-ún. Ara àwa náà le. Orúnkún bàbá rẹ máa ń dùn ún tí òjò bá ti fẹ́ rọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í dùn ún, ọ̀rọ̀ ló ń sọ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Mi ò fẹ́ fi fóònù sọ èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, torí fóònù ń jẹ owó bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu. Ìwé kì í jẹ nǹkan kan, ó kàn ń gbọ́ tèèyàn ni.

Kí àyà rẹ má já o, ọmọ rẹ wà láàyè. Mọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí wa ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí ohun tí ọmọ mi bá fi òógùn ojú rẹ̀ ní, ọmọ-ọmọ mi ni. Ó ti mọ ilé gbogbo aboyún tó wà lágbègbè wa. Nígbà tí mò ń fẹsẹ̀ rìn, ọmọ mìíràn á ti dé kí èmi agbẹ̀bí tó dé. Bàbá rẹ ni dírẹ́bà mi báyìí, ẹ̀yìn ni mo sì máa ń jókòó sí, torí mo ti rí i pé ẹ̀yìn ni àwọn ọ̀gá ń jókòó sí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni télọ̀ tó rán aṣọ tí o wọ̀ kúrò nílé sáré ránṣẹ́ pè mí pé ìyàwó òun ti ń rọbí. Oyún tó ṣáájú èyí, ọmọ náà kò dúró, ẹ̀jẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ìyá tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tọ́jú oògùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró sínú àpò iṣẹ́ mi, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti abẹ tuntun. Inú búùtù ni àpò náà wà. A dé iwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, bàbá rẹ ṣí búùtù kó lè gbé àpò, ni atẹ́gùn bá gbé fìlà rẹ̀. Ó kó kọ́kọ́rọ́ lé orí àpò, ó lé fìlà lọ, ó sì bá a, ṣùgbọ́n kó tó yíjú padà atẹ́gùn ti bá a pa búùtù dé gbàmù. Okùn tí o ní ká máa fà lábẹ́ àga dírẹ́bà láti fi ṣí búùtù ńkọ́? Ó ti já tipẹ́, bàbá rẹ ló fà á já lọ́jọ́ tó ń wá ibi tí wọ́n ń da omi sí. Bẹ́ẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà nínú, àpò wà nínú, fìlà wà lórí bàbá rẹ.

Mo kọ́kọ́ sáré wọlé lọ wo ìyàwó télọ̀. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló wà, ó di ẹsẹ̀ máṣínnì mú, aṣọ àwọn oníbàárà ni wọ́n fi bo ẹnu ọ̀nà. Ó wo ọwọ́ mi, ó rí i pé òfìfo ni. Ọmọ mi, ẹ̀rù bà mí. Mo ní àpò ń bọ̀. Télọ̀ ní kí n mú àlùmágàjí òun, mo ní àlùmágàjí lè gé ìwọ́, kò lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró.

Mo pè ọ́, fóònù rẹ kò lọ. Mo wá rí nọ́mbà tí àwọn tó ta mọ́tò lẹ̀ mọ́ gíláàsì ẹ̀yìn, mo pe ìyẹn. Ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ dùn. Ó ní tí mo bá fẹ́ ra mọ́tò kí n tẹ ení, tí mo bá fẹ́ ta mọ́tò kí n tẹ èjì. Mo ní ọmọ mi, mi ò rà, mi ò tà, búùtù ló tì mọ́ mi, ẹnì kan sì ń rọbí. Ó tún ní kí n tẹ ení. Mo tún un sọ, mo pariwo, ó tún ní kí n tẹ ení. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé etí ló ń dùn ún, mo bá kí i pẹ̀lẹ́, mo pa fóònù.

Alágbẹ̀dẹ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà gbé ọ̀pá irin dé. Ó ki í bọ ẹnu búùtù, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé e, ọ̀pá tẹ̀, ara búùtù náà tẹ̀, síbẹ̀ kò ṣí. Bàbá rẹ ní kó tún gbé e, ó tún gbé e, òógùn nìkan ló jáde. Mo gbọ́ igbe ìyàwó télọ̀ látinú ilé, mo bá lé gbogbo wọn sẹ́yìn. Mo ní lẹ́nu iṣẹ́ tèmi, ohun tó bá há, a kì í fi irin fà á, ibi tó ti há la máa ń wá. Mo fọwọ́ pa búùtù náà lórí, mo ní kó mí, kó dẹ ara sílẹ̀. Mo wá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, iná kan sì tàn lókè orí mi. Kò tàn fún alágbẹ̀dẹ, kò tàn fún bàbá rẹ, èmi ìyá àgbà rẹ̀ ló rí tó rẹ́rìn-ín.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tẹ ẹ̀yìn àga tí èmi ọ̀gá máa ń jókòó sí, bí mo ṣe máa ń tẹ inú aboyún, mò ń wá orí, mò ń wá ìdí. Ibi èjìká rẹ̀ lọ́wọ́ mi ti kan nǹkan líle kan bí ìgbọ̀nwọ́ ọmọ. Mo rọra gbé e sókè. Ó dún kọ́, ni odindi àga bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Mo ní kó dìde, ayé á yẹ ẹ́, kò dìde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti rí inú búùtù, tí mo rí àpò mi.

Mo ti orí bọ̀ ọ́. Mo gbá àpò mú, mo fi eyín gbé kọ́kọ́rọ́, ó wá ku kí n padà, ìdí mi kọ̀. Bàbá rẹ di ẹsẹ̀ mi kan mú, télọ̀ di ìkejì mú, wọ́n sì fa èmi agbẹ̀bí jáde ní ìgè. Alágbẹ̀dẹ ní obìnrin ni o. Ilé ni mo sá wọ̀.

Ọmọ náà kò jẹ́ kí n mí tó fi dé. Obìnrin ni, ó pupa, ó ń bínú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bíi tìjọ́sí. Ṣùgbọ́n oògùn wà lọ́wọ́ mi lọ́tẹ̀ yìí. Mo fún un, mò ń fọwọ́ ra inú rẹ̀, mò ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ dín, ó tún dín, ó dá. Ó béèrè lọ́wọ́ mi bóyá òun máa yè. Mo ní o ti yè. Mo wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àjákù aṣọ, mo sunkún títí inú mi fi tutù.

Ṣé o rí i, mi ò ráyè ara mi mọ́. Agbẹ̀bí Mọ́tò ni wọ́n ń pè mí. Ẹnì kan tilẹ̀ gbé àpótí rẹ̀ tó tì wá síwájú ilé, mo ní kó gbé e lọ, pé oyún rẹ̀ kò tíì pé oṣù. Bàbá rẹ ń sọ fún àwọn ènìyàn pé òun ló gbẹ̀bí mọ́tò náà, mi ò bá a jà, kọ́kọ́rọ́ ti wà lọ́rùn rẹ̀, téèpù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ ni mo fi so ó.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra àpò iṣẹ́ kejì tí yóò máa gbé inú ilé, sì fi díẹ̀ kún un fún ibi tó tẹ̀ lára ọmọ rẹ. Ọmọbìnrin tí etí ń dùn yẹn, wá a rí, mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà, ọmọ ọlọ́mọ ni. Kí ìwọ náà sì wálé, kí o wá bá wa bẹ àga yẹn kó dìde. Gbogbo wa la ti bẹ̀ ẹ́, orí ìdọ̀bálẹ̀ ló ṣì wà, iwájú ni èmi ọ̀gá ń jókòó sí báyìí.

Ìyàwó télọ̀ ní kí n kí ọ. Ọmọ ẹ̀ ló ń fún lọ́mú bó ṣe ń rán mi. Ibi tí wọ́n bá tì mọ́ ọ, kí o rí ọ̀nà mìíràn gbà wọ ibẹ̀. Ohun tí ò ń wá nínú òkùnkùn, kí ọwọ́ rẹ tó o kó tó pẹ́ jù. Àga ńlá yóò dọ̀bálẹ̀ fún ọ bó ṣe dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ, tìrẹ kò sì ní dìde mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ,
agbẹ̀bí ènìyàn àti ti mọ́tò.