Ìbọn Kúkúrú Tí Baba Mú

Madawaska, Ìpínlẹ̀ Maine,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹsàn-án.

Rosaire, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Lucille ìyàwó rẹ. Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ níbi iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi yẹn sì ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Ara tiwa le. A ti ń wa ọ̀dùnkún, òjò kò sì tíì dí wa lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ Baba ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Jọ̀wọ́, kà á dópin kó o tó gbé fóònù. O mọ bí ọ̀pá ìbọn gígùn wọn ṣe máa ń há sáàárín igi nínú igbó dídí ẹ̀yìn odò, níbi tí ẹ jọ ń dọdẹ. Ní Sátidé, wọ́n gbà pé kí a lọ wá kúkúrú kan, irú èyí tí èèyàn ń fa irin abẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ kí ọta mìíràn tó wọlé. A lọ sí ìsọ̀ Armande Cyr, opó tó ń ta ìbọn.

Èyí tó ń gba ọta ńlá ni Baba kọ́kọ́ nawọ́ sí. Wọ́n ní ọta ńlá máa la igbó kọjá. Armande bú sẹ́rìn-ín: "Ludger, àádọ́ta ọdún lo ti ń dọdẹ, o ṣì gba ìtàn yẹn gbọ́? Ẹ̀ka tí kò tó ìka mi yìí lè yí ọta dànù. Bí o ò bá rí ààyè, má yìn ín." Ó kó mẹ́ta mìíràn sílẹ̀. Ọ̀kan wúwo jù níwájú. Ihò irin abẹ́ èkejì kò gba ìka Baba pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ òtútù. Ẹ̀kẹta ni wọ́n fẹ́ràn: ọ̀pá rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ lọ, ó sì fúyẹ́.

Bí Armande ṣe ń dán ìbọn wò ni pé oníbàárà á dijú, á gbé ìbọn òfìfo sí èjìká, á wá la ojú kan ṣoṣo tó fi ń wo ọ̀pá ìbọn. Bí ìbọn bá bá a mu, orí àgbọ̀nrín gbígbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ni ojú rẹ̀ máa bọ́ sí. Baba ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ṣe rẹ́gí! Àárín iwájú orí ẹ̀ ni mo gbé e lé yìí."

Mo wo ògiri. Orí àgbọ̀nrín náà kò sí níbẹ̀. Ìṣó rẹ̀ nìkan ló kù. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Armande sọ̀ ọ́ kalẹ̀, torí kòkòrò ti jẹ ẹ́.

Ó rọra béèrè pé, "Ludger, ojú ọ̀tún rẹ ńkọ́?"

Baba gbé ìbọn lélẹ̀. "Ó ti tó ọdún méjì. Bí ẹni ń wo inú wàrà ni." Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún ọ. Mo ní mi ò lè pa á mọ́, torí ìwọ lo ń jókòó sí ọgọ́ta ìṣísẹ̀ níwájú wọn nínú igbó.

Dókítà tó yẹ ojú wọn wò ní awọ funfun ló bo ojú náà, pé oṣù Kìíní ni wọ́n máa ráyè ṣe iṣẹ́ abẹ. Ojú òsì mọ́ kedere. Ọwọ́ òsì náà sì lè lo ìbọn kúkúrú náà bíi ti ọ̀tún, torí abẹ́ ni irin rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ Ajé ni Baba ti ń fi èjìká òsì yìn ín ní pápá Armande. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, méjì nínú ọta mẹ́wàá ló ba àwo tí a gbé sí àádọ́ta ìṣísẹ̀. Lánàá, mẹ́sàn-án ni.

Síbẹ̀, wọn ò gbé e wálé. Wọ́n ní kí Armande bá wọn tọ́jú rẹ̀. "Kì í ṣe ìwọ, Odile, kì í sì í ṣe dókítà. Ẹni tó máa jókòó síwájú mi nínú igbó ni kó sọ̀rọ̀. Tó bá ní rárá, màá jókòó sílé se ẹ̀wà dè é." Mi ò bá wọn bẹ̀ ọ́, mi ò sì ní kí o kọ̀. Ọwọ́ rẹ ló wà.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí àkàbà ibi iṣẹ́, kó sì mú yín wá bá wa láyọ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
Odile.

Àfikún: Mo ka lẹ́tà yìí sí Baba létí. Wọ́n ní kí n fi èyí kún un, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an: "Rosaire, ìbọn tí mo yìn lọ́dún tó kọjá, tí mo ní àgbọ̀nrín sá lọ, mi ò rí àgbọ̀nrín kankan. Ìró ewé ni mo yìn ín sí. Mọ èyí kó o tó dá mi lóhùn."