Kẹ́tùrù Tí Bàbá Rà

Òkè Àdó, Ìbàdàn
9 Oṣù Kẹfà, 1957

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo kí Bàbá Wòlíì àti gbogbo ìjọ. Ibà ti fi Adétutù ìyàwó mi sílẹ̀.

Màmá, omi kànga lásán ni mo ní kí ẹ bù sígò, kí n yẹ̀ ẹ́ wò níbi iṣẹ́. Ẹ̀yin wá sè é, ẹ ní kí inú má baà run ọ̀gá mi òyìnbó! Ta ló ní yóò mu ún?

Mo kán oògùn àyẹ̀wò sí i, ó pọ́n bí osùn: òjé wà níbẹ̀, díẹ̀ tí ojú kò lè rí, tó ń ba ara jẹ́. Àyà mi já. Àmọ́ èyí tí Yọ̀mí àbúrò mi bù wá nínú kànga kan náà láìsè kò pọ́n rárá.

Kẹ́tùrù yín ni. Òjé ni alágbẹ̀dẹ fi dí ìdí rẹ̀. Mo mọ̀ pé Bàbá wa ló rà á kí wọ́n tó fi ayé sílẹ̀. Ẹ gbé e kọ́ ògiri, ẹ máa wò ó, ẹ má fi se omi mọ́.

Ká ní ẹ gbọ́ tèmi ni, n kì bá tí mọ̀. Kí Olúwa dá yín sí fún wa, kí ẹ sì máa ṣe oríkunkun yín lọ.

Ọmọ yín,
Akíndúró