Àdúrà Mi Tí Ẹ Gbé Wọ Inú Fíìmù

Ẹ̀yìn Ọjà Nateete,
Kampala.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2014.

Nabulya, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tí a jọ pín hóró kọfí kan ṣoṣo jẹ láti di ọmọ ìyá,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Mbarara? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti san? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà sílé ẹ̀kọ́? Àwọn màlúù yín ńkọ́, ṣé wàrà ṣì ń jáde dáadáa? Mo gbọ́ pé òjò kò rọ̀ lọ́dọ̀ yín bó ṣe yẹ. Ní tèmi, ara mi le. Ssuubi ọmọ mi náà wà dáadáa, ó ti ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣì ń ṣiṣẹ́. Ssebowa ọkọ mi wà láàyè. Mo kọ́kọ́ kí ọ tọ́kàntọ́kàn nítorí ìyá mi kọ́ mi pé a kì í fi ìjà ṣíwájú ìkíni.

Wọ́n ti fi fíìmù yín hàn, ní ilé sinimá Hajji Zziwa tí èmi àti ìwọ ti máa ń jókòó lórí pákó wo àwọn ará Ṣáínà tó ń fò lórí òrùlé. Mo ní fíìmù yín, nítorí Ssebowa ló kọ ọ́, òun ló darí rẹ̀, ìwọ lo sì ṣe ìyàwó òǹkọ̀wé tí kò rí ẹni ra ìtàn rẹ̀. Èmi, mo dáná.

O kò tíì lè gbàgbé ọ̀sẹ̀ tí ẹ yà á. Aṣọ ibùsùn mi lẹ so mọ́ fèrèsé, igi ìgbálẹ̀ mi lẹ so ẹ̀rọ tó ń gba ohùn mọ́, aṣọ gómẹ́sì búlúù mi lo wọ̀. Kaweesa ọlọ́kadà ló ṣe òjò. Ó gun òrùlé pẹ̀lú garawa omi, ó sì da ìdajì rẹ̀ lé mi lórí, mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn mí. Ibì kan ṣoṣo ni n kò fojú kàn, inú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé ìkòkò kátógò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo sè fún yín, dé ẹnu ọ̀nà, ẹ ní kí n gbé e kalẹ̀ síbẹ̀, pé ariwo bàtà mi yóò wọ inú ẹ̀rọ. Mo gbé e kalẹ̀. Mo bọ́ bàtà lọ́wọ́, mo rọra rìn padà sílé kí iṣẹ́ yín má baà bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fi í hàn, mo wọ gómẹ́sì búlúù náà lọ. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ̀ pé aṣọ mi wà nínú fíìmù.

Ssebowa ti kìlọ̀ fún Kasooli pé kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ lé fíìmù òun lórí. Ìwọ náà mọ Kasooli, bó ṣe máa ń jókòó ti ògiri pẹ̀lú makirofóònù, tí yóò máa túmọ̀ fíìmù òyìnbó sí Luganda, tí yóò sì máa bu tirẹ̀ lé e títí òkú inú fíìmù yóò fi máa jẹ gbèsè lọ́jà Nateete. Ssebowa ní Luganda ni wọ́n sọ nínú fíìmù òun, kí ni ẹnikẹ́ni tún fẹ́ túmọ̀? Ó gbàgbé pé Kasooli gan-an ni àwọn ará ibí máa ń wá gbọ́.

Àwọn òǹwòran kò gbà fún un rárá. Òǹkọ̀wé jókòó, ó kọ̀wé. Ó fa ìwé ya, ó tún kọ̀wé. Ẹnì kan béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Ta ni wọ́n máa pa nínú eléyìí?" Ẹlòmíì dá a lóhùn pé, "Ìwé ni. O ò rí i pé ó ti ń fà á ya ni?" Nígbà tí wọ́n tún lé òǹkọ̀wé jáde ní ọ́fíìsì kan, àwọn ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á nímọ̀ràn: "Bọ̀ọ̀dá, fi ìwé yẹn sílẹ̀, wá gun ọ̀kadà. Àyè wà ní ìdíkọ̀ wa." Wọ́n ń pariwo pé Kasooli dà. Ìyá kan dìde, ó ní òun ń lọ wo ẹ̀wà òun lórí iná, nítorí pé ìyẹn tiẹ̀ ń hó. Ssebowa ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àánú rẹ̀ ṣe mí, Nabulya. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìgbà náà ni o wọ ṣọ́ọ̀ṣì nínú fíìmù. O wo ọ̀tún, o wo òsì, o bọ́ bàtà rẹ, o sì fi gìgísẹ̀ tì í sábẹ́ ìjókòó. Bí mo ṣe máa ń ṣe é gan-an nìyẹn. O kò tíì lanu tí mo ti mọ ohun tí o fẹ́ sọ. O kúnlẹ̀, o ní, "Olúwa, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra ìwé ọkọ mi. Jẹ́ kó sú u, kó gba iṣẹ́ olùkọ́ ní Masaka, kí n lè sinmi."

Ọ̀rọ̀ mi ni, kò dín, kò lé. Èmi àti Ọlọ́run nìkan la wà níbi tí mo ti sọ ọ́. Lẹ́yìn Rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni mo tún sọ ọ́ fún, lọ́jọ́ tí a jọ ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ mátòókè fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ. Mo ń sunkún, ìtìjú ń bá mi. Ìwọ lo fi etí aṣọ rẹ nu ojú mi, tí o ní kò sí aya tí kò gba irú àdúrà bẹ́ẹ̀ rí.

Gbogbo ilé na ọrùn wò ọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbàgbé Kasooli nìyẹn. Lẹ́yìn náà, obìnrin tó ń ta ṣapáàtì pòṣé, ó ní, "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ọkọ ń wá oúnjẹ, ìyàwó ń kúnlẹ̀ bẹ Ọlọ́run kó má rí i." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọ. Àwọn ọlọ́kadà tó ń fi òǹkọ̀wé ṣe yẹ̀yẹ́ di alátìlẹ́yìn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn yíjú padà, ó wo gómẹ́sì tó wà lára mi, ó wo èyí tó wà lára rẹ nínú fíìmù, ó sì fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹnìkejì rẹ̀.

Mo wo Ssebowa. Kò wò mí, kò sì wo fíìmù. Ojú àwọn èèyàn ló ń wò, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ibi tó dùn ti dé. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ọwọ́ mi.

O mọ̀ pé èmi ni mo máa ń ṣáájú àdúrà àwọn ìyá lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e, mo ní, "Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà." Ẹnì kan sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Nítorí ta ni, àbí lòdì sí ta ni?" Ẹ̀rín bú jáde. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n ní kí n sinmi ná, kí ẹlòmíì máa ṣe é. Ẹnì kan tó gbé aṣọ wá fún mi rán tiẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n má gbàdúrà sí aṣọ òun. Ó ní eré ni. Ibi kan ṣoṣo tí mo ti ń gbé orí sókè ládùúgbò yìí, ẹ ti gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo bi Ssebowa, kò jiyàn. Ó ní ìwọ lo sọ ọ́ fún òun, kí òun lè mọ bí ìyà ṣe ń jẹ mí tó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé nítorí ìyà tó ń jẹ mí náà lo ṣe wọ aṣọ mi, tí o bọ́ bàtà bí mo ṣe bọ́ ọ, tí o sì jẹ kátógò mi nígbà tí o ṣe tán? Inú bí mi sí ọkọ mi, ó sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé ni. Ohun tó bá ti bọ́ sílẹ̀, yóò ṣà á. Ìwọ ni mo fi ọ̀rọ̀ mi fún pa mọ́.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún fi í hàn, Hajji fárígá pé bí Kasooli kò bá ní sọ̀rọ̀, òun kò ní ṣílẹ̀kùn. Mo lọ, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí o ṣe bọ́ bàtà, Kasooli ní, "Ẹ wo ìyá yìí. Bàtà kan ló ní láyé, ó ń bọ́ ọ kó má baà gbó." Bí o ṣe kúnlẹ̀, ó bo ohùn rẹ mọ́lẹ̀ pátápátá, ó ní, "Olúwa, ọkọ mi ń kọ ìtàn ẹni tí ebi ń pa. Ìta ló ti lọ ń wá a. Ṣé kò rí èmi ni?" Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Obìnrin oníṣapáàtì yẹn kan náà dìde dúró, ó nàka sí òǹkọ̀wé inú fíìmù, ó ní, "Dá a lóhùn, ìwọ akọ̀wé. Ìwọ là ń bá wí."

Kasooli kò mọ nǹkan kan nípa mi. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín ni. Síbẹ̀ nínú gbogbo ẹni tó fẹnu kan ọ̀rọ̀ yìí, òun nìkan ló fi aṣọ bò mí.

Nígbà tí a délé, Ssebowa kò lè jẹun. Ó ní, "Ìyá Ssuubi, wo ohun tí ọkùnrin yẹn fojú mi rí. Ṣé ó dáa kí èèyàn gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni, kó máa sọ ọ́ bó ṣe wù ú níwájú gbogbo ayé?"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ ta ni, Bàbá Ssuubi?"

Mo gbé abọ́ kúrò níwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, a ń kí ara wa láàárọ̀, a sì ń kí ara wa lálẹ́.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sọ fún un pé mo kí i kú ara líle. Bá mi kí ìyá rẹ àgbà, ẹni tó fún wa ní hóró kọfí náà nígbà tí a wà ní kékeré, ṣùgbọ́n má sọ fún un ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó mú ìwé yìí wá yóò fún ọ ní ẹrù kan. Gómẹ́sì búlúù ni. Mo ti fọ̀ ọ́, mo sì ti lọ̀ ọ́. N kò lè wọ̀ ọ́ ní Nateete mọ́, gbogbo ènìyàn ti dá a mọ̀. Máa wọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, ó kúkú bá ọ mu.

Ó ku ohun kan. Lánàá, mo padà lọ sí ìjókòó yẹn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bọ́ bàtà mi, mo fi gìgísẹ̀ tì í sábẹ́, mo kúnlẹ̀, mo sì gba àdúrà tuntun. Orúkọ rẹ wà nínú rẹ̀, ti Ssebowa náà sì wà nínú rẹ̀. Ó gbọ́ pé mo lọ, ó sì ti ń bi mí pé kí ni mo sọ. Mo mọ̀ pé ìwọ náà yóò fẹ́ mọ̀. Nígbà kan rí, ìwọ ni ǹ bá kọ́kọ́ sáré wá sọ ọ́ fún.

Èmi ni tìrẹ, bí ìwọ náà ṣe jẹ́ tèmi,
Nannozi, Ìyá Ssuubi.